Bí a ṣe ń wá labalábá àti àfòpiná nígbà ọlidé ńlá

Bí ọmọdé bá ti rí labalábá, eré ló máa ń fi í sá tẹ̀ lé e. Á na ọwọ́, á ju fìlà lù ú, labalábá á sì ti fo ògiri kọjá sílé aládùúgbò. Ẹni tó bá fẹ́ rí labalábá dáadáa kì í lé e. Ìdí oúnjẹ rẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí. Orí èyí ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé: ewé tí ọmọ labalábá ń jẹ, èso rírà tí àgbà rẹ̀ ń fà mu, iyanrìn tútù tó ti ń wá iyọ̀, àti iná tí àfòpiná kì í rí kó má yà síbẹ̀.

Láti ìparí oṣù Keje títí di àárín oṣù Kẹsàn-án ni àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń wà nílé. Bí ẹ bá ti fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún summer lesson, kò burú. Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kì í kọjá ọ̀sán, Sátidé sì wà ńlẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò gba owó. Ẹ̀yìnkùlé tó ní igi ọsàn kan ṣoṣo ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ìgbà

Labalábá ní láti yá oòrùn kí ara rẹ̀ gbóná kó tó lè fò. Nínú oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ojú ọ̀run Ìbàdàn, Abẹ́òkúta tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè ṣú látàárọ̀ di ọ̀sán láìrọ òjò, irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ kò sì dáa fún ohun tí à ń wá. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ tètè jáde kí ẹ wá dé oko ní aago méje. Ìrì ṣì wà lórí koríko, labalábá ṣì wà lábẹ́ ewé. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá sí aago kan ọ̀sán ló dáa jù, pàápàá bí òjò bá rọ̀ lóru tí oòrùn sì ràn lówùúrọ̀. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo nínú gbogbo ọlidé, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ni n ó mú. Òjò tó dá díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ á ti máa padà, ewé tuntun á ti máa rú, oòrùn á sì máa yọ láàárín òjò méjì.

Ẹ wọ ṣòkòtò gígùn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀, nítorí ejò àti èèsún. Ẹ mú fóònù tó ní kámẹ́rà, ìwé kékeré, pẹ́ńsù àti omi mímu. Pẹ́ńsù ni mo wí, kì í ṣe bírò, torí bí òjò bá ká yín mọ́, ohun tí ẹ fi bírò kọ á ṣàn lọ. Ẹ fi àwọ̀n sílẹ̀. Ìyẹ̀fun tó ń wà lọ́wọ́ ẹni tó bá mú labalábá, ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ara ìyẹ́ rẹ̀ ni, èyí tó bá sì ti ṣí kúrò kì í hù padà. Àwọn àgbà ní labalábá tó bá dìgbò lẹ̀gún, aṣọ ẹ̀ á fàya. Àwọ̀n lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò sì yàtọ̀ sí ẹ̀gún.

Èwo ni labalábá, èwo ni àfòpiná?

Ẹ wo ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tó wà lórí rẹ̀. Ti labalábá á gùn gbọọrọ, á wá ki ní ṣóńṣó bí orí ìṣáná. Ti àfòpiná á tín-ín-rín títí dé òpin, tàbí kó ní irun wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì, pàápàá bó bá jẹ́ akọ. Irun yẹn ni akọ fi ń gbọ́ òórùn abo láti ọ̀nà jíjìn lóru. Bí labalábá bá bà, ó sábà máa ń pa ìyẹ́ méjèèjì pọ̀ sókè ẹ̀yìn. Àfòpiná á tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ kó bo ara rẹ̀.

Ẹ má fi ọ̀sán àti òru nìkan yà wọ́n o. Àfòpiná kan wà tí ìyẹ́ rẹ̀ mọ́ gaara bíi díńgí, tó ń fò lọ́sàn-án gangan níwájú òdòdó láìbà, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń kùn. Oyin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè é. Cephonodes hylas ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nídìí ọsàn

Ẹ wá igi ọsàn tàbí ọsàn wẹ́wẹ́ tó kéré, tí kò ga ju ènìyàn lọ. Ẹ má wo ewé tó ti le. Ewé tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rú, tó ṣì rọ̀, ni kí ẹ yẹ̀ wò lójú àti lẹ́yìn. Ẹyin tí ẹ ó rí kéré, ó rí roboto, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni ń lọ sí funfun, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìyá rẹ̀ sì ń yé e. Papilio demodocus ló ni ín, labalábá ńlá dúdú tó ní àpá yẹ́lò káàkiri ara. Bí ó bá tẹ́ ìyẹ́, ó lè fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ.

Kòkòrò tó bá jáde látinú ẹyin náà jọ ìgbẹ́ ẹyẹ. Ó dúdú, ó ní funfun láàárín, ó sì máa ń jókòó sójú ewé gbangba láìbẹ̀rù, nítorí kò sí ẹyẹ tó fẹ́ jẹ ìgbẹ́ ẹyẹ. Ìgbà tó bá dàgbà tán ni yóò bọ́ awọ yẹn sílẹ̀, tí yóò di aláwọ̀ ewé tó ní ọ̀já àwọ̀ ilẹ̀ lára. Ẹ fi igi ẹlẹgẹ́ kan án díẹ̀ lẹ́yìn orí. Lójijì ni ìwo rírọ̀ méjì, tó pọ́n, yóò yọ jáde, òórùn líle yóò sì gba afẹ́fẹ́. Èèrà àti àwọn kòkòrò apẹran ló fi ń lé. Àwọn ọmọ á ní kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ ṣe é, ẹ jẹ́ kó sinmi.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ ọ dàgbà nílé, ẹ mú kòkòrò kan tàbí méjì péré, pẹ̀lú ẹ̀ka tí ẹ bá a lórí rẹ̀. Ike tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ dára. Ẹ fi àwọ̀n ẹ̀fọn tó ti ya bò ó lẹ́nu, ẹ fi rọ́bà dè é. Ewé ọsàn tútù ni oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ máa gbọn ìgbẹ́ rẹ̀ dànù láràárọ̀, torí ìgbẹ́ tó bá rin ló máa ń mú kó ṣàìsàn. Ẹ má gbé omi sínú ike náà, yóò kó sí i. Ẹ má sì já ewé nínú oko tí wọ́n ti fín oògùn. Bó bá kọ oúnjẹ, tó ń rìn káàkiri, ẹ fi igi gbígbẹ kan dúró sínú ike. Ibẹ̀ ni yóò so ara rẹ̀ mọ́, tí yóò fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan gbá ara rẹ̀ láàárín, tí yóò sì dákẹ́. Ó máa ń gbà ju oṣù kan lọ láti ẹyin dé labalábá, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ọlidé.

Àárọ̀ ló sábà máa ń jáde. Ìyẹ́ rẹ̀ á kọ́kọ́ rún jọ, á tutù, á sì máa kán omi kan tó pọ́n díẹ̀ sílẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má pariwo. Ó ní láti so rọ̀ kí ìyẹ́ náà lè na tán kó sì le, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ gbé ike náà síta, ẹ ṣí i. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, eṣinṣin tàbí agbọ́n kékeré ni yóò jáde dípò labalábá. Wọ́n ti yé sínú kòkòrò náà kí ẹ tó mú un wálé. Ẹ má bínú. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí igi náà nìyẹn.

Bomubómu àti aláfarawé rẹ̀

Lẹ́bàá títì àti lórí ilẹ̀ tí wọ́n pa tì, ẹ wá bomubómu, igi kúkúrú tí ewé rẹ̀ fẹ̀, tí oje funfun ń ṣẹ́ lára rẹ̀ bí wọ́n bá já a. Kòkòrò tó ń jẹ ewé rẹ̀ ní ìlà dúdú, funfun àti yẹ́lò yí ara ká, pẹ̀lú okùn dúdú rírọ̀ méjì-méjì níbi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Labalábá tó ń dà ni Danaus chrysippus. Ìyẹ́ iwájú rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ dúdú, àmì funfun wà nínú dúdú náà, ìyẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì sábà máa ń funfun. Oró tó kó jọ láti ara ewé wà nínú ara rẹ̀. Ẹyẹ tó bá jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan yóò bì í, kò sì ní dán an wò mọ́. Ẹ wo bó ṣe ń fò jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò jẹ gbèsè.

Ibi tó ti wá dùn rèé. Abo labalábá mìíràn wà, Hypolimnas misippus, tí kò ní oró kankan lára, ṣùgbọ́n tó wọ irú aṣọ yẹn gẹ́lẹ́ kí ẹyẹ lè máa bẹ̀rù rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ wọ́n yàtọ̀: ẹ dúró kó bà, kó sì tẹ́ ìyẹ́. Ẹ ka tóótòòtó dúdú tó wà lórí ìyẹ́ ẹ̀yìn. Danaus ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ẹni tó ń fara wé e ní ẹyọ kan. Akọ Hypolimnas kò jọ ìyàwó rẹ̀ rárá: dúdú ni, pẹ̀lú àmì funfun ńlá tí àwọ̀ àlùkò ń dán yí ká, ó sì máa ń jókòó sójú kan lórí ilẹ̀, kó máa lé gbogbo labalábá tó bá kọjá. Bí pápásan bá pọ̀ nínú ọgbà yín, ẹ má tu gbogbo rẹ̀ dànù, ara oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni.

Ẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan bomubómu. Oje rẹ̀ nínú ojú kì í ṣe eré.

Èso rírà àti ẹmu

Àwọn labalábá kan wà tí kò ní òdòdó í ṣe, pàápàá àwọn ti inú igbó. Ohun tó bá ti ń rà ni wọ́n fẹ́. Ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ti pọ́n jù, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, ẹ gún un mọ́ èèpo rẹ̀, ẹ da ẹmu díẹ̀ sí i, ẹ dé e pa fún ọjọ́ méjì. Kí ó kan dáadáa. Ẹ bù ú sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ fi okùn so àwo náà mọ́ ẹ̀ka igi níbi tí òjìji ti pàdé oòrùn, létí igbó tàbí lábẹ́ máńgòrò. Ẹ fi gírísì pa okùn náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, èèrà ni yóò jẹ àsè tí ẹ sè.

Àwọn tí wọ́n ń pè ní Charaxes ni ẹ ń retí. Ara wọn ki, eré wọn le débi pé ìró ìyẹ́ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Níta gbangba, ẹ kò lè sún mọ́ ọn. Lórí àwo ẹmu, ẹ lè fi fóònù kàn án létí kó má mira. Àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ kéékèèké tó ní àmì roboto bí ojú létí ìyẹ́ á wá pẹ̀lú, Bicyclus ni wọ́n. Lásìkò òjò, ojú náà máa ń tóbi. Àwọn tó bá dàgbà nínú ọ̀gbẹlẹ̀ máa ń ní kékeré, torí àwọn yẹn fara pamọ́ sáàárín ewé gbígbẹ ni. Charaxes tún fẹ́ràn ìgbẹ́ ajá àti ẹran òkú, nítorí náà bí ẹ bá rí ìgbẹ́ lójú ọ̀nà oko, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó jókòó lé e kí ẹ tó fò ó dá.

Iyanrìn tútù

Bí ẹ bá kó àwọn ọmọ lọ sí ìṣàn omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, ọ̀pọ̀ èrò á gba orí òkè lọ. Ẹ̀yin ẹ dúró nísàlẹ̀, níbi tí omi ti rin iyanrìn tí oòrùn sì kàn án. Ibẹ̀ ni labalábá ti máa ń péjọ, funfun, yẹ́lò, àti àwọn onílà dúdú tó ní ìrù gígùn lẹ́yìn. Iyọ̀ ni wọ́n ń fà mu. Akọ ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó sì máa ń gbé nínú iyọ̀ náà fún abo nígbà tí wọ́n bá ń gùn. Ibi tí ẹnì kan ti tọ̀ sórí iyanrìn, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fẹ́ jù.

Bí a ṣe ń sún mọ́ wọn: ẹ lóṣòó, ẹ máa rìn bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí òjìji yín ṣíji bò wọ́n. Òjìji ló ń lé wọn ju ìró ẹsẹ̀ lọ. Òkúta ibẹ̀ ń yọ̀ lásìkò òjò, kí ẹ di ọwọ́ àwọn kékeré mú.

Ní Òṣogbo, igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ mọ́ ogún àgbáyé lọ́dún 2005, kún fún labalábá, nítorí wọn kì í gé igi tàbí pa ẹran níbẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, èrò á pọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ mìíràn ni kí ẹ lọ. Ní Èkó, Lekki Conservation Centre tó 78 hẹ́kítà. Ọ̀nà pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló wúlò fún wa, kì í ṣe afárá òkè tí gbogbo ènìyàn ń yàwòrán lórí rẹ̀. Ní Ìbàdàn, igbó inú IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, lé ní 300 hẹ́kítà. Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó lọ.

Àfòpiná: iṣẹ́ alẹ́

Ọ̀nà ọ̀lẹ ni kí n kọ́kọ́ fi hàn yín. Ẹ jí ní aago mẹ́fà àárọ̀, ẹ lọ wo ògiri funfun tí iná ti tàn sí mọ́jú: ilé epo, báńkì, ṣọ́ọ̀ṣì tó ṣe àìsùn. Àfòpiná tó wá lóru á ṣì lẹ̀ mọ́ ọn kí ẹyẹ àti alángbá tó dé.

Bí ẹ bá fẹ́ pè wọ́n wá sílé, ẹ ta aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì funfun sórí okùn, ẹ gbé iná síwájú rẹ̀. Iná funfun tó ń fà sí búlúù ń pè wọ́n ju iná pípọ́n lọ. Bí kò bá sí iná ọba, làńtánà onísọ́là tó mọ́lẹ̀ dáadáa náà á ṣe é. Ẹ yan alẹ́ tí òṣùpá kò sí, tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́, tó móoru lẹ́yìn òjò. Láti aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ẹ jókòó. Ẹ sọ fún bàbá onílé àti ẹ̀ṣọ́ àdúgbò tẹ́lẹ̀, torí aṣọ funfun tó ń mọ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé lóru lè dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé bí àfòpiná ńlá bá wọlé, ọwọ́ ayé ni wọ́n ń pè é, ìgbálẹ̀ ló sì kàn.

Àwọn tí ẹ lè rí: Bunaea alcinoe, tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó ní àmì ojú pípọ́n lórí ìyẹ́ ẹ̀yìn. Agrius convolvuli, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ ewé ànàmọ́. Bí ẹ bá ṣe oríire, Acherontia atropos, tó ní àwòrán bí agbárí òkú lẹ́yìn, tó ń wọ inú ilé oyin lọ jí oyin mu, tó sì máa ń ké bí ẹ bá dì í mú. Àwọn aláwọ̀ eérú kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí náà níṣẹ́ tiwọn. Ọ̀kan nínú wọn, Spodoptera frugiperda, wá láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 2016 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde rẹ̀ ní Nàìjíríà, Benin àti Togo, kò sì sí àgbẹ̀ alágbàdo tí kò mọ ọṣẹ́ tí ìdin rẹ̀ ń ṣe.

Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, pupa-dúdú, tó jọ èèrà gígùn, máa ń wá síbi iná pẹ̀lú. Ẹ má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa lára. Omi ara rẹ̀ ń bó awọ bí iná. Ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ fi ọṣẹ fọ ibẹ̀. Bí ẹ bá ti wò tán, ẹ pa iná, ẹ gbọn aṣọ náà sínú koríko. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọmọ́nílé tó ti ń yọ́ bọ̀ láti òkè àjà ni yóò jẹun àárọ̀.

Ọ̀rọ̀ kan lórí kòkòrò onírun: ojú ni kí ẹ fi wò ó. Bí ẹ bá rí àpò òwú aláwọ̀ ilẹ̀ tó so mọ́ igi ìrà, ọmọ àfòpiná Anaphe ló kóra jọ hun ún. Láti ara irú àpò yìí ni òwú sányán ti ń wá, sányán baba aṣọ. Irun wọn tó wà nínú àpò náà ń yún ara gidigidi, ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń sè é kò gbọdọ̀ tú u.

Kíkà àti kíkọ sílẹ̀

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Butterfly Conservation máa ń ṣètò Big Butterfly Count lọ́dọọdún láàárín oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ. Ẹ jókòó sójú kan fún ìṣẹ́jú 15, ẹ kọ oríṣi tí ẹ rí. Bí ẹ bá rí mẹ́ta oríṣi kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́ta ni ẹ ó kọ. Bí ọ̀kan bá kọjá lẹ́ẹ̀mẹta, ọ̀kan ni. Àwọn ọmọ tó ti Lọ́ńdọ̀nù wá lo ọlidé lè ti ṣe é rí. Ẹ lo òfin kan náà nídìí ọsàn yín. Labalábá tí wọ́n ń pè ní Painted Lady níbẹ̀, ìran lẹ́yìn ìran ló fi ń ti Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí òtútù bá fẹ́ dé, àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ á tún gbéra padà sọdá aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi, ojú ọjọ́, àti igi tó wà lórí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò méjì ó kéré tán: ojú ìyẹ́ àti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn ni wọ́n sábà fi ń mọ àwọn tó jọra. Ẹ gbé e sórí iNaturalist, ìkànnì tí wọ́n ti ń fi fọ́tò dá ẹranko àti ewéko mọ̀, ọ̀fẹ́ ni, yóò sì dá orúkọ lábàá. Fọ́tò láti ilẹ̀ wa kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Yúróòpù, nítorí náà bí ó bá dárúkọ labalábá tí kì í gbé Áfíríkà, ẹ má gbà á. Ẹ yan orúkọ ìdílé tó gbòòrò, ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa yóò wá parí rẹ̀.